Bíríkì, pákó, kọntéénà àbí táyà: èwo nínú ohun àlòkù ló yẹ kí ẹ fi kọ́ ilé yín?

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ yìí, ìgbà tówó bá kéré ni ojú èèyàn máa ń wá ohun àlòkù kiri. Ẹnì kan ń wó ilé bàbá ẹ̀, ó ní kí ẹ wá kó bíríkì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹlòmíì ní pákó tí wọ́n yọ lórí òrùlé, ẹlòmíì ń ta kọntéénà tó ti rin òkun títí, kí ẹ tó mọ̀, ìdajì ilẹ̀ yín ti kún fún ẹrù tí ẹ ò tíì mọ ibi tí ẹ máa fi sí. Mo mọ ìdílé kan tó kó pákó jọ fún ọdún méjì kí wọ́n tó yàwòrán ilé, nígbà tí kápẹ́ńtà máa fi débẹ̀, ikán ti jẹ ìdajì, èyí tó ṣẹ́ kù ò gùn tó. Ó dùn mí gan-an, torí owó kékeré tí wọ́n ní ni wọ́n fi kó o, àwọn ọmọ wọn sì ń retí ilé.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ká fi àwọn nǹkan yìí wéra dáadáa, ká mọ èyí tó ń dín owó kù lóòótọ́ àti èyí tó jẹ́ pé wàhálà lásán lèèyàn ń kó wálé. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má lo àlòkù o, èmi gbàgbọ́ nínú ẹ̀ gan-an, àmọ́ ó ní ibi tí a máa ń lò ó, ó sì ní ibi tí a kì í lò ó.

Ohun tí a máa fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ara mi nìyí: tí nǹkan yìí bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣé mo lè yọ ọ́ kí n fi òmíì sí i láì wó ilé? Ilẹ̀kùn, mo lè yọ ọ́. Pákó tí a fi tẹ́lẹ̀ yàrá, mo lè yọ ọ́. Irin tó wà nínú kọnkéré ìpìlẹ̀, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Ohun tí ẹ bá lè pààrọ̀, ẹ wá àlòkù ẹ̀. Èyí tí ẹ ò lè pààrọ̀, tuntun ni kí ẹ rà, kódà tó bá gba pé kí ilé kéré sí i. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan míì tí mo máa sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé eléyìí.

Ìkejì ni owó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iye tí wọ́n ń ta bíríkì àlòkù kọ́ ni iye tó máa ná yín. Ẹ ní láti ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, owó ẹni tó máa fọ̀ ọ́ tàbí tó máa yọ ìṣó ara ẹ̀, ibi tí ẹ máa kó o pamọ́ sí kí òjò má pa á, àti èyí tó máa fọ́ dànù lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ro gbogbo ẹ̀ tán ni kí ẹ tó fi wé tuntun. Nígbà míì àlòkù á jẹ́ ìdajì owó, nígbà míì tuntun gan-an ló máa wọ́n kéré jù.

Ìkẹta, ìlera. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òrùlé àtijọ́ lè jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun líle tí eruku ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, pákó àtijọ́ lè ti mu oògùn olóró yó. Inú ilé yẹn lẹ máa sùn, ọmọ kékeré á máa rá kòrò níbẹ̀, á máa fi ọwọ́ pa ògiri, á máa ti ọwọ́ bọ ẹnu.

Ìkẹrin ni bóyá ó máa bára mu, ìyẹn gígùn àti fífẹ̀ ẹ̀, àti bóyá ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ ládùúgbò yín máa gbà á. Ẹ lọ bi wọ́n kí ẹ tó ra ohunkóhun tó máa gbé ilé dúró. Àwọn míì á ní kí ẹ mú ìwé ẹńjiníà wá, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ nígbà tí owó ṣì wà lápò.

Bíríkì àlòkù

Èmi fẹ́ràn bíríkì jù nínú gbogbo wọn. Bíríkì tí wọ́n sun jiná dáadáa lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún lára ògiri, kí wọ́n yọ ọ́, kó tún lọ lo òmíì níbòmíì. Àmọ́ bóyá ó máa dín owó yín kù, ọwọ́ ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ló wà. Láyé àtijọ́, láìmù ni wọ́n máa ń pò mọ́ yanrìn, ẹfun funfun yẹn, ó sì rọ̀ ju bíríkì lọ, tí ẹ bá fi ẹnu hámà kàn án báyìí á máa já bọ́, bíríkì á jáde ní odindi. Símẹ́ǹtì tó wá gbòde lẹ́yìn ẹ̀ le ju bíríkì míì lọ, tí ẹ bá fẹ́ ya wọ́n, bíríkì ló máa kọ́kọ́ là. Torí náà kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ìṣó tàbí ọ̀bẹ, ẹ ha àpòpọ̀ tó wà láàárín bíríkì méjì. Tó bá ń rún bọ́ bíi yanrìn, láìmù ni, ẹ máa bá a lọ. Tí ọ̀bẹ bá kàn ń yọ̀ lórí ẹ̀, símẹ́ǹtì ni, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ dí kòtò kó o lọ.

Ẹ wá dán bíríkì yẹn fúnra ẹ̀ wò. Ẹ gbá méjì pọ̀ mọ́ra: tó bá dún gbangba bí agogo, ó jiná, ó sì le. Tó bá dún bòmù, bí ìgbà tí èèyàn gbá ilẹ̀, kò jiná tàbí kó ti sán nínú. Ìkejì, ẹ wọn ọ̀kan tó gbẹ lórí ìwọ̀n, ẹ rì í sómi fún wákàtí 24, kí ẹ tún un wọ̀n. Èyí tó jẹ́ kílò 2.5 tẹ́lẹ̀ tó wá di kílò 3, ó ti mu omi tó tó 20 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀, ẹ má fi irú ẹ̀ sí ògiri ìta tí òjò máa ń nà. Kò túmọ̀ sí pé ẹ máa dà á nù ṣá, ó lè ṣe ògiri tó pín yàrá sí méjì nínú ilé, níbi tí omi ò ní dé.

Iye ńkọ́? Bíríkì tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21.5, tó ga tó 6.5, nǹkan bí 60 ló máa bo mítà kan níbùú lóròó tí ògiri bá nípọn tó ìbú bíríkì kan péré, tí ẹ bá wá fẹ́ kí ògiri nípọn nílọ́po méjì, ó di 120. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ògiri yín gbogbo ẹ̀ jẹ́ 100 mítà níbùú lóròó tó tín-ín-rín, ìyẹn 6,000 bíríkì, kí ẹ fi 10 sí 15 nínú 100 kún un torí èyí tó máa fọ́. Bíríkì kan wúwo tó kílò méjì sí mẹ́ta, nítorí náà ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù 12 sí 18 lẹ fẹ́ gbé yẹn, tó bá jìnnà, owó ọkọ̀ ló máa jẹ gbogbo èrè.

Fífọ̀ wá ni iṣẹ́ gidi. Ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń tà, kí wọ́n lọ síbẹ̀ pẹ̀lú hámà, kí wọ́n fọ 20 bíríkì fúnra wọn kí wọ́n sì fi aago sí i. Tí 20 bá gba wákàtí kan, ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀kan, 6,000 á wá gba wákàtí 300, ìyẹn ọjọ́ 37 àti ààbọ̀ fún ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín ni ẹ máa ṣe é lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ti jèrè. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa gba òṣìṣẹ́, ẹ fi ọjọ́ yẹn lọ́po owó ojúmọ́, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì wọ́n kéré sí tuntun.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa ń ṣì ṣe níbí. Bíríkì àtijọ́ tó rọ̀, ẹ má fi símẹ́ǹtì líle tò ó padà. Omi tó bá wọ ògiri á wá ọ̀nà jáde, kò lè gba ara símẹ́ǹtì, á wá máa gba ojú bíríkì, ojú ẹ̀ á máa ṣí ní pelebe pelebe títí ògiri á fi di ẹlẹ́gbò. Láìmù ni kí wọ́n tún fi tò ó, tàbí àpòpọ̀ tí símẹ́ǹtì inú ẹ̀ kéré gan-an.

Àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn ni mùsíọ́ọ̀mù ìtàn ìlú Ningbo ní Ṣáínà, èyí tí ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Wang Shu yàwòrán ẹ̀, ó parí ní 2008. Bíríkì àti ìpákùn òrùlé, ìyẹn táìlì amọ̀ tí wọ́n fi ń bo ilé, tí wọ́n kó láti àwọn abúlé tí wọ́n wó ló wà lójú ògiri ẹ̀, Wang Shu sì gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán ilé, ní 2012. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn ògiri yẹn, kọnkéré tó ní irin nínú ló gbé ilé yẹn dúró. Tuntun gbé ẹrù, àlòkù wà lójú. Ìdílé tówó ẹ̀ kéré náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: ìpìlẹ̀ àti òpó tuntun, bíríkì àlòkù láàárín.

Pákó àlòkù

Pákó ló ń tan èèyàn jù. Ó rọrùn láti gbé, ó rọrùn láti gé, gbogbo èèyàn ló sì rò pé òun mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé igi àtijọ́ máa ń dáa, torí igi tó dàgbà díẹ̀díẹ̀ nínú igbó ni wọ́n gé nígbà náà, òrùka inú ẹ̀ sún mọ́ra, ó ti gbẹ pátápátá, kò ní máa lọ́ tàbí kó máa là bí igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo ti rí òpó àjà tó ju ọgọ́ta ọdún lọ tí ìṣó tuntun ò wọ̀ tí wọn ò bá kọ́kọ́ lu ihò sí i.

Ọ̀nà tí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú ìṣó gígùn, ẹ gún ẹnu igi níbi tó ti máa ń wọ inú ògiri, torí ibẹ̀ ni omi máa ń kó sí. Tí ìṣó bá wọlé bí ìgbà tó wọ búrẹ́dì, ó ti jẹrà, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ wo iye tó ṣẹ́ kù. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, tí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú ń dà jáde lójú ẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ má gbé e sún mọ́ igi míì. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti gé e tàbí tí wọ́n ti lu ihò bóòtù sí, pàápàá tó bá wà ní àárín gùngùn igi tàbí lápá ìsàlẹ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá tí ẹrù bá wúwo lórí ẹ̀.

Ṣé ó lè gbé àjà àti òrùlé? Ó lè gbé e, tí ẹńjiníà tàbí kápẹ́ńtà àgbà tó mọ igi bá ti fojú rí i, tó sì sọ pé kí wọ́n tò ó súnmọ́ra ju ti tuntun lọ. Igi tuntun máa ń ní òǹtẹ̀ tó sọ agbára ẹ̀, àlòkù ò ní nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ máa dá a lóhùn. Tí kò bá sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, ẹ fi ṣe pákó ilẹ̀, àtẹ̀gùn kékeré, àpótí ògiri, ilẹ̀kùn, ẹ ra tuntun fún òrùlé.

Ìṣó wá ni ọ̀tá. Ìṣó kan ṣoṣo tó fara pamọ́ sínú igi lè ba eyín ayùn ẹ̀rọ jẹ́, ó sì lè ta sí ẹni tó ń là á lójú. Iye wákàtí tí ẹ máa fi yọ ìṣó, ẹ fi aago sí i bíi ti bíríkì.

Ọ̀rọ̀ oògùn igi, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Pákó tí àwọ̀ ẹ̀ fà sí ewé, tí wọ́n yọ lára ọgbà tàbí pèpéle ìta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi oògùn tó ní àsíníìkì, ìyẹn májèlé, rẹ, ní Amẹ́ríkà, ìparí 2003 ni àwọn tó ń ṣe é fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé gbígbé. Ẹ má fi ṣe nǹkan inú ilé, ẹ má sì sun ún níná, torí èéfín àti eérú ẹ̀ lóró. Igi ojú irin, èyí tí rélùwéè máa ń lé jáde, tó dúdú tó sì ń rùn bí ọ̀dà ojú títì, oògùn igi tí wọ́n ń pè ní kirióósóòtì ló wà lára ẹ̀, ilẹ̀ Yúróòpù ò gbà kí wọ́n lò ó nínú ilé rárá. Pákó tó ní ọ̀dà àtijọ́ lójú, ẹ ka òjé mọ́ ọn lára títí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé, ibòmíì sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi sáńdípépà họ ọ́ ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná yọ ọ́, torí eruku àti èéfín yẹn ló máa wọ ara ọmọ, ó sì ń ba ọpọlọ wọn jẹ́.

Pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé lórí, kò fi bẹ́ẹ̀ gba àlàyé. Ẹ wá òǹtẹ̀ ara ẹ̀. Tí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀, àárín gbùngbùn igi yẹn á ti gbóná dé 56 dígírì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Tí ẹ bá rí MB, gáàsì olóró ni wọ́n fi pa á, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ kankan, ẹ ò mọ ohun tó ti dà sí i lórí, ẹ fi sílẹ̀ náà. Èyí tó dáa, kò gùn ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ìṣó ẹ̀ le, ẹ fi ṣe ọgbà, pẹpẹ ìkẹ́rùsí, bẹ́ǹṣì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ lè fi gbé ilé dúró.

Kọntéénà

Ìdí tí kọntéénà fi wu èèyàn yé mi, ilé tó ti ní ògiri, ilẹ̀ àti òrùlé ni, ẹ kàn máa gbé e dúró. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi Ideal X ti oníṣòwò Malcom McLean ti kó 58 kọntéénà kúrò ní Newark lọ sí Houston, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1956 ni ayé ti mọ̀ pé àpótí irin lè rìn jìnnà. Àmọ́ wọ́n ṣe é láti ru àpótí míì lórí, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń gba ẹrù yẹn. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó rí bíi páànù ló ń mú kó má wọ́. Ẹ bá gé ihò ńlá sí i fún wíńdò tàbí ẹ gé odindi ẹ̀gbẹ́ kan kúrò láti so méjì pọ̀, àfi kí wẹ́dà jó irin nínípọn yí ibẹ̀ ká, owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò mọ́ ọn nìyẹn.

Ẹ wo inú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 gùn ní mítà 6.06, ó fẹ̀ ní 2.44, ó ga ní 2.59, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.35. Irin ni o, oòrùn á yan án, tí òtútù bá mú, omi á máa sẹ̀ lára ẹ̀ láti inú èémí àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ nǹkan tó ń dí ooru mọ́ ọn lára, nígbà tí ẹ bá tẹ́ ẹ lọ́tùn-ún lósì tí ẹ sì fi pákó bò ó, ìbú yàrá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di mítà méjì àti díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, ọ̀nà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tán. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tó ga, tó jẹ́ mítà 2.89 lóde, kí òrùlé má baà kan yín lórí lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sílíǹ sí i.

Pákó ilẹ̀ ẹ̀ náà, wọ́n máa ń fi oògùn apakòkòrò rẹ ẹ́, àwo irin tó wà lára ilẹ̀kùn ló máa ń sọ irú èyí tí wọ́n lò. Èmi á yọ pákó yẹn tàbí kí n dí i pa pátápátá kí ọmọ tó rá lórí ẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n léèrè ẹrù tó ti gbé. Ẹ wọ inú ẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa mọ́ yín fún ìṣẹ́jú kan kí ẹnì kan dúró síta tì yín, tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ, ihò nìyẹn, tí òórùn kẹ́míkà bá sì gbà yín ní imú, ẹ jáde kí ẹ máa lọ.

Lórí owó, àpótí yẹn fúnra ẹ̀ kì í wọ́n jù. Kírénì tó máa gbé e sílẹ̀, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ gígùn máa gbà, wẹ́dà, ohun tó ń dí ooru, òrùlé kejì tó yẹ kí ẹ ṣe sórí ẹ̀ kí oòrùn má baà bá a ní tààrà, àwọn yẹn ni owó wà. Ohun tó fi dáa ju gbogbo wọn lọ ni àkókò. Tí ìdílé ò bá ní ibi tí wọ́n máa wà, kọntéénà kan lè di ibùgbé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí wọ́n bá kọ́ ilé gidi tán, kó di ibi ìkẹ́rùsí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe máa lò ó.

Táyà tí wọ́n rọ yẹ̀pẹ̀ sí

Láti àwọn ọdún 1970 ni ayàwòrán ilé kan, Michael Reynolds, ti ń fi táyà àti agolo kọ́ ilé ní Taos, New Mexico, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á to táyà bíi bíríkì, wọ́n á rọ yẹ̀pẹ̀ sínú ẹ̀, wọ́n á fi òòlù ńlá gún un títí á fi le bí òkúta. Ògiri yẹn nípọn, ó ń mú ooru ọ̀sán pamọ́ fún òru, táyà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ níbi gbogbo. Àmọ́ táyà kan lè gba yẹ̀pẹ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, ọgọ́rùn-ún mélòó kan sì ni ilé kékeré máa gbà, ọwọ́ èèyàn ni gbogbo ẹ̀. Ó fẹ́ ilẹ̀ tó láyè, ibi tí omi kì í dúró sí, àti òǹtẹ̀ ìjọba, ìgbà tó pọ̀ jù sì ni ọ́fíìsì kì í mọ ibi tí wọ́n máa kà á sí. Tí ẹ ò bá ní èèyàn púpọ̀ tó máa bá yín ṣe é, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn, wíńdò, òrùlé, ilé ìwẹ̀

Níbí gan-an ni àlòkù ti ń dín owó kù láìsí wàhálà, ibí ló sì yẹ kí gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn pákó gidi, ẹ gbé e pẹ̀lú férémù ẹ̀ àti hínjìsì ẹ̀, torí wíwá férémù fún ilẹ̀kùn tó ti wọ́ díẹ̀ lè gba odindi ọjọ́ kápẹ́ńtà. Wíńdò, àṣírí ẹ̀ ni pé kí ẹ rà á kí ẹ tó yàwòrán ilé, kí bíríkìlà wá fi ihò ògiri bá wíńdò mu. Ẹni tó bá kọ́ ògiri tán kó tó wá wíńdò kiri, á pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Tí ẹ bá rí òǹtẹ̀ kékeré ní igun gíláàsì, ó sábà máa ń jẹ́ gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, ó dáa fún ilẹ̀kùn àti ibi tó sún mọ́ ilẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè gé e, ó máa fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gíláàsì ẹyọ kan tó tín-ín-rín ò dí òtútù tàbí ooru, ẹ fi sí ibi ìkẹ́rùsí tàbí inú ilé.

Páànù àlòkù ti ní ihò ìṣó, ihò yẹn ò sì ní bọ́ sórí pákó tuntun yín. Ẹ fi bo ilé ẹran ọ̀sìn, ẹ ra tuntun fún ibi tí ẹ máa sùn. Ìpákùn amọ̀ yàtọ̀, ẹ gbá a bíi bíríkì, èyí tó bá dún gbangba ṣì ní ọdún púpọ̀ nínú. Òrùlé eléérú tó le tó sì rí bí ìgbì omi, tí ilé yẹn bá ti pẹ́, ẹ gbà pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni títí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa fi sọ pé kì í ṣe òun. Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1999, Ọsirélíà ní ìparí 2003, àjọ ìlera àgbáyé sì sọ pé gbogbo irú ẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má gé e, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má gbá eruku ẹ̀, kódà kí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tún fi owó lé e.

Básíìnì àti sínìkì àlòkù dáa. Ṣáláńgá olómi àtijọ́, ẹ wo iye omi tó ń lò, àwọn tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà máa ń lo lítà 13 lẹ́ẹ̀kan, láti 1994 ni òfin wọn ti ní kó má ju lítà 6 lọ. Tí ẹ bá ń sanwó omi, ẹ máa san iyàtọ̀ yẹn lójoojúmọ́.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ rà ní àlòkù

Irin kọnkéré tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n tún nà, agbára ẹ̀ ti lọ níbi tó ti tẹ̀ yẹn. Wáyà iná àti ohun tó ń já iná, torí ẹ ò mọ ibi tí rọ́bà ẹ̀ ti là. Páìpù gáàsì. Símẹ́ǹtì tó ti di kókó nínú àpò, ó ti mu omi, kò ní dì mọ́ dáadáa. Àwókù kọnkéré tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ lè fi dí abẹ́ ilẹ̀ yàrá, àmọ́ ẹ ṣa pákó àti pilásítà funfun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri inú ilé kúrò nínú ẹ̀, torí ohun tó wà nínú pilásítà yẹn máa ń jẹ kọnkéré tuntun tí omi bá kàn án.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tí ẹ bá ní àkókò àti ọwọ́ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí owó ò sí, tí ilé tí wọ́n ń wó ò sì jìnnà, bíríkì oníláìmù ni tiyín, ẹ ra ìpìlẹ̀ àti òrùlé ní tuntun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú onílé yẹn ọjọ́ tí ẹ máa kó o tán àti ẹni tó máa palẹ̀ mọ́, ẹ má sì wọ inú ilé tí wọ́n ti yọ òpó ẹ̀, ohunkóhun tó wù kó kù níbẹ̀.

Tí ẹ bá níṣẹ́ tí ẹ ń lọ lójoojúmọ́, tí òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ògiri yín ní tuntun, kí ẹ wá àlòkù fún ilẹ̀kùn, pákó ilẹ̀, básíìnì àti wíńdò. Àwọn ilé ìtajà ohun àlòkù wà fún irú yín, bíi ReStore ti Habitat for Humanity, tí àkọ́kọ́ ẹ̀ ṣí ní Winnipeg ní Kánádà ní 1991, wọ́n á ti fọ̀ ọ́, wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀, ó máa wọ́n ju ti ojú wíwó lọ, àmọ́ ẹ ò ní lo oṣù kan nídìí hámà.

Tí kápẹ́ńtà bá wà nínú ìdílé, ẹ mú pákó, ẹ lo ilé ìkẹ́rùsí tó ní òrùlé, ẹ gbé igi kúrò nílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín wọn. Tí kò bá sí, ẹ má kó igi ńlá jọ.

Tí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tàbí aláboyún nílé, ohunkóhun tó ní ọ̀dà àtijọ́ ò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò fún òjé, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Tó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ máa sùn lóṣù tó ń bọ̀ lẹ ń wá, ẹ ra kọntéénà kan ṣoṣo, ẹ má gé e ju ilẹ̀kùn kan àti wíńdò méjì lọ, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yín níbi tí kò ti ní dí ìpìlẹ̀ ilé gidi lọ́wọ́, kí ẹ máa ti ibẹ̀ fọ bíríkì yín.